Àwọn Tí A Kò Kà Mọ́ Ìdánwò Àjùmọ̀ṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò tíì dàgbà tó ẹni tí í na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí ẹní kí ó tó dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Irun funfun kan ṣoṣo kò sí lórí mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kì í dúró de ewú orí ènìyàn kí ó tó di àtijọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pé ogún ọdún, síbẹ̀ nígbà tí mo bi yín nípa rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú yín tó gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin náà lẹ fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú yín mú fóònù wá sí kíláàsì ẹ̀kọ́ ìsinmi wa, ó fi àwòrán kan hàn mí. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wọn ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Gbogbo yín ń pariwo pé, "Àǹtí, ẹ wò ó, a ju àwọn yẹn lọ!" Mo bi yín pé ta ló ka èyí, ọmọ mélòó ló ṣe ìdánwò náà, mélòó ni kò ṣe é. Ẹ̀rín bú sẹ́yìn kíláàsì. Ẹnì kan ní, "Àǹtí tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. N kì í lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ojú má tì mí. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo fi ẹnu ara mi dá ọ̀rẹ́ mi dúró kí ó má lè ṣe ìdánwò, kí ilé-ìwé wa baà lè ṣe ipò kìíní ní agbègbè. N ó sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo fojú rí, n ó ní mo rí i. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, n ó ní mo gbọ́ ọ ni.

Lónìí, ìdánwò jẹ́ ti olúkúlùkù. Ẹ ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, èsì yín yóò wọlé sórí fóònù bàbá yín, aládùúgbò yín kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ rẹ́rìn-ín tàbí ẹ sunkún. Nígbà tiwa, ti ìlú ni. Lọ́dọọdún, kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà láti Ola, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, láti Ara àti láti àwọn abúlé tó yí Ẹ̀jìgbò ká yóò bá àwa ọmọ Ẹ̀jìgbò kóra jọ sí ọgbà kan ṣoṣo láti ṣe ìdánwò àjùmọ̀ṣe. Òun ni wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò wọ ilé-ìwé gírámà. Ẹni tí kò bá ṣe é, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà.

Ohùn tí mo fi ń rántí àsìkò yẹn ni ohùn ríìmù mọ́tò tí wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò, tí wọ́n ń fi irin lù bí agogo. Bí ìdánwò bá ku oṣù kan, ìrọ̀lẹ́ pàápàá a máa lù ú. A ó pa dà sí ilé-ìwé, a ó máa ka ìsọdipúpọ̀ ní ohùn rara, méjì lọ́nà méjì títí dé méjìlá lọ́nà méjìlá. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́ lórí a máa dúró létí fèrèsé láti gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mọ ìgbà tí a bá ṣì í, nítorí pé ohùn wa kì í bára mu mọ́. Bàbá kan a máa ké láti ìta pé, "Ẹ tún un kà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ọ̀tún yẹn, ẹ ti ń sùn!"

Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, a ń gbé bẹ́ńṣì wa lọ ni, torí bẹ́ńṣì ọgbà yẹn kì í tó. Ọmọ mẹ́ta a máa gbé ọ̀kan, wọn a sì fi irin gbígbóná kọ orúkọ ìlú sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà jí i lọ. Ìyá mi fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù mi títí orí rẹ̀ fi mú bí abẹ́rẹ́, ìmú yẹn náà ló jẹ́ kí ó tètè kán. Ọmọ Ara kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi rí i pé mo fẹ́ sunkún. Ó fi eyín ṣẹ́ pẹ́ńsù tirẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìyẹn kò ní kí a má bú ìlú wọn. Bí èsì bá jáde, wọn a pín máàkì ìlú kọ̀ọ̀kan fún iye ọmọ rẹ̀ tó ṣe ìdánwò, wọn a fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó gbàgede, ìlú àkọ́kọ́ lókè, ìlú ìkẹyìn nísàlẹ̀. Mo rí ọlọ́kadà ará Ola kan tó kọ̀ láti gbé ìyá àgbà ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn kan lọ sílé.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, màmá. Ẹ ní, 'Ola ló gbà á.'"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni mo ṣe ìdánwò ni?"

"Ọmọ ọmọ yín ló ṣe é. Ẹ sáà sọ ọ́."

"Ola ló gbà á. Ó tán? Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ, ìwé mélòó lo kà tó o fi ń gun ọ̀kadà?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé màmá náà.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìdánwò wa dà bí àtòrì ọdún Ògìyán. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí apá méjì ìlú ṣe ń na ara wọn lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀yìn ń bó, tí kò sì sí ẹni tó ń di kùnrùngbùn lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn a jọ jẹ iyán iṣu tuntun. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo wá rò ó dáadáa, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá jáde lọ́jọ́ àtòrì ló wà nínú eré. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹnì kan dúró sílé torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀.

Ráfíátù ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Láti Àbíjàn ni wọ́n ti mú un wálé sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tí a wà ní kíláàsì karùn-ún. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ẹ̀jìgbò. N kò ka ilé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò tíì wọ ilé kan tí wọn kò ní ìbátan kan ní Àbíjàn. Yorùbá rẹ̀ dára bíi tiwa, Faransé rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò sí lẹ́nu rẹ̀. Bí tíṣà bá bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni yóò fi dáhùn, kíláàsì yóò sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, èmi tí mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, bí a bá ń lọ sílé, n ó ní kí ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka owó ní Àbíjàn, yóò sì kọ́ mi láìbínú.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́, torí pé yóò rọrùn fún mi láti di gbogbo ẹrù yìí lé e lórí. Ó máa ń ṣáájú wa dé ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlú ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún tó ṣáájú tiwa. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, ó pè mí.

"Mọ́nítọ̀."

"Sà."

"Gba ìwé yìí. Sọ fún àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ pé ìdánwò ti sún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo ka orúkọ náà. Méje ni wọ́n. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọ tó ti Àbíjàn dé. Ráfíátù ni ìkẹrin.

"Ṣé ó sún lóòótọ́, sà?"

Ó yí ojú sí fèrèsé. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún máa fi wá kọrin lójú títì?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Má pariwo."

Mo lè sọ pé ọmọdé ni mí, pé a kì í kọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n òótọ́ kẹta ni pé inú mi dùn. Ó fi ọ̀rọ̀ àgbà hàn mí, mo sì fẹ́ gbégbá orókè.

Mo bá Ráfíátù níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá àgbà.

"Wọ́n ní ìdánwò ti sún."

"Di ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé wọ́n á tún sọ ọjọ́ rẹ̀ fún wa?"

"Wọ́n á sọ."

Ìyá àgbà gbé ojú sókè. "Ìwọ ọmọ yìí, o ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà yege. Ráfíátù, o ó bá mi lọ sóko lọ́jọ́ náà nìyẹn."

Mo ní, "Àmín, mà." Àmín yẹn wà lára ohun tí n kò lè gbàgbé.

Lọ́nà ìdánwò, ẹnì kan bi mí pé Ráfíátù dà. Mo ní ara rẹ̀ kò yá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ èsì sára pátákó, orúkọ wa ló wà lókè, Ara ló kẹ́yìn. Wọ́n gbé mi sórí èjìká. A ń kọrin kiri ìlú pé, "Ta ló kẹ́yìn? Ẹ má dárúkọ wọn, ojú ń tì wọ́n." Ní ibi tí ọ̀nà oko ti já sí títì, mo rí Ráfíátù. Ó ru igi ìdáná. Ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà kí a lè kọjá, ó dúró ṣinṣin pẹ̀lú ẹrù náà lórí, ó ń wò mí. Mo kọrin lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. N kò gbé ohùn mi sílẹ̀.

Àwa lọ sí ilé-ìwé gírámà. Ráfíátù kò lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ní kí ó tún kíláàsì kẹfà kà, ó kọ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. A ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ṣe ìkà ló ń gbàgbé, ẹni tí a ṣe é sí kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé òwe yẹn kò bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu. Èmi tí mo ṣe é, n kò gbàgbé. Àwíjàre ni mo wá. Mo ń sọ fún ara mi pé kò ní yege bí ó bá tilẹ̀ ṣe é, pé n kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì kan fún oṣù díẹ̀ láti da àwọn àkọsílẹ̀ ìdánwò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé ọdún tiwa bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, wọ́n sì kọ iye àwọn tó ṣe ìdánwò. Ní tiwa, àlàfo méje ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ní àlàfo tiwọn. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa; ibà lè ṣe ọmọ, oko lè gba ọmọ. Ní ti Ara, iye kan náà ni. Gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì ni wọ́n mú wá, tó fi mọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn la fi kọrin.

Mo tún ìṣirò náà ṣe. Bí àwọn méje bá gba òdo pátápátá, a kì bá tí ṣe ipò kìíní. Bí wọ́n bá ṣe bíi tàwa yòókù, a ó ṣì gbà á. Nítorí náà, n kò lè sọ bóyá a jí ipò yẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀, àwa la sì ṣe é tí a kò fi lè mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Ṣùgbọ́n àwíjàre mi ṣì dúró títí di oṣù tó kọjá. Ọ̀kan nínú yín, ẹni tó ti Àbíjàn dé lọ́dún yìí, fún mi ní iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀. Ìpín ni. Mo ti gbé bírò pupa sókè kí n tó dúró. Ó kọ nọ́ńbà tí a fẹ́ pín sí apá òsì, ó kọ èyí tí a fi ń pín in sí apá ọ̀tún, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ìdáhùn sì wà lábẹ́ ìlà náà. Oókan rẹ̀ dà bí eéje tiwa. Eéje tirẹ̀ ní ìlà ní ikùn. Mo tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbà á. Ẹsẹ̀ kan kò yẹ̀.

Èmi tí mo jẹ́ mọ́nítọ̀ ni mo máa ń pín ìwé fún kíláàsì lẹ́yìn tí tíṣà bá ti máàkì rẹ̀. Mo mọ ìwé Ráfíátù dáadáa. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, ìlà ní ikùn eéje, ìdáhùn lápá ọ̀tún, bírò pupa lórí gbogbo rẹ̀. Tíṣà wa kò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Àbíjàn. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ orúkọ gbogbo yín sílẹ̀ fún ìdánwò ẹ̀kọ́ ìsinmi tí a fẹ́ bá àwọn ti Ola àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ẹ sì ń bá mi jà pé a ó kẹ́yìn. A lè kẹ́yìn. Bí a bá kẹ́yìn, ó kéré tán, a ó mọ̀ pé àwa la kẹ́yìn.

Mo lọ bá Ráfíátù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó ń wọn aṣọ dúdú kan lórí tábìlì nígbà tí mo wọlé.

"Mọ́nítọ̀! Bọ̀ǹjúù! Ṣé ìwọ rèé lóòótọ́? Wọ́n ní o ti kàwé títí, ìwé ń bẹ̀ ọ́."

"Ráfíátù, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá."

"Bó bá jẹ́ aṣọ ìyàwó ni, ó ti ń pẹ́ o. Bí o bá tún dúró sí i, bùbá àgbà ni n ó rán fún ọ."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ibì kan. Mo sọ fún un. Ìwé tí ọ̀gá fún mi, orúkọ méje, irọ́ tí mo pa, àmín tí mo ṣe fún ìyá àgbà. Kò dá mi dúró.

"Mo mọ̀," ló wí.

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì ìdánwò ni àwa méjèèje pàdé. Ìwọ lo sọ fún gbogbo wa. Nígbà tí a wo ara wa, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé."

"Kí ló wá dé tí o kò bá mi jà?"

Ó gbé tépù ìwọnṣọ kọ́rùn. "Mo rò pé o ṣàánú mi ni. Mo ní, ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé orí mi kò gbé ìwé, kò fẹ́ kí ojú tì mí níwájú àwọn ará Ola. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú mi, ọdún lórí ọdún."

Mo ṣàlàyé fún un nípa ìṣirò, nípa oókan àti eéje, nípa bírò pupa.

"Ìyẹn ni pé mo ń gbà á?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Má rò ó. Kí ni wọ́n bi yín lọ́jọ́ náà?"

Ẹyọ kan péré ni mo rántí, torí pé òun ni mo ń gbé sọ́kàn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ọsàn 371, kí a pín in fún ọmọ 7.

Ráfíátù mú ṣọ́ọ̀kì télọ̀, ó kọ ọ́ sórí aṣọ dúdú náà. Ó fa ìlà rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn yóò fi gba òwú sójú abẹ́rẹ́.

"Àádọ́ta ó lé mẹ́ta," ló wí. "Òun nìyẹn?"

"Òun ni."

"Kí ni ìwọ kọ?"

"Mo kọ 503."

Mo retí kí ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo nọ́ńbà tó kọ fún ìgbà díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn ọ́n nù kúrò lára aṣọ náà, ó sì mú ṣísọ́ọ̀sì.

"Yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan," ló wí. "O dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi."

Mo yẹ̀.